Kí ẹ tó ra dísìkì olówó ńlá: bí a ṣe ń yan ibi ìpamọ́ dátà fún àwọn kọ̀ǹpútà tó ń jùmọ̀ ṣiṣẹ́

Àbúrò mi kan pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan, ní Àkúrẹ́ níbí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, owó ìwádìí wa ti wọlé o. NVMe tó yára jù lọ lọ́jà la fẹ́ rà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wo èyí tó dáa." NVMe ni irú dísìkì kan tí kò ní apá tí ń yí, tó sì yára gan-an. Kọ̀ǹpútà mẹ́jọ ni wọ́n ti so pọ̀, tí wọ́n fi ń ṣe ìṣirò ojú ọjọ́ àti àwòrán ewé kòkó. Mo bi í pé báwo ni iṣẹ́ wọn ṣe ń ka dátà, báwo ló sì ṣe ń kọ ọ́. Ó dákẹ́. Mo bi í pé irú wáyà wo ló so àwọn kọ̀ǹpútà náà pọ̀. Ó ní, "Wáyà búlúù ni, ẹ̀gbọ́n."

Nígbà tí mo débẹ̀ lọ́jọ́ kejì, mo rí i pé súwíìṣì 1 gígábíìtì, àpótí tó so wáyà wọn pọ̀, ni gbogbo wọn ń gbà kọjá lọ sọ́dọ̀ sáfà kan ṣoṣo, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń pa dátà mọ́ fún gbogbo wọn. Gígábíìtì kan kò lè gbé ju mẹ́gábáìtì 125 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó bá dójú iṣẹ́, nǹkan bíi 115 ló ń tẹni lọ́wọ́. Ẹ pín 115 sí ọ̀nà mẹ́jọ: kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ń rí bíi 14. Fúláàṣì tó dáa tí ẹ bá rà ní Ọjà Ọba yára ju ìyẹn lọ. Ká ní wọ́n ti ra dísìkì tó ń sáré 7,000 mẹ́gábáìtì sínú sáfà yẹn, ihò 115 náà ni ì bá ti máa yọjú. Ẹni tó bá gbé mọ́tò tuntun bọ́ sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ọba Adésidà lọ́jọ́ ọjà mọ bó ṣe máa ń rí.

Ìyára ibi ìpamọ́ kò sí lára dísìkì nìkan. Ibi tó há jù lọ láàrin iṣẹ́ yín àti dísìkì ló ń sọ bí yóò ṣe yára tó. Iṣẹ́ ẹni tó fẹ́ ra nǹkan ni pé kó kọ́kọ́ wá ibi tó há yẹn rí, kí owó tó jáde lápò. Bí mo ṣe máa ń wá a ni mo fẹ́ kọ síbí, ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ wo bí iṣẹ́ yín ṣe ń jẹun

Ẹ má tíì bá oníṣòwò kankan sọ̀rọ̀. Ẹ lọ jókòó ti iṣẹ́ yín nígbà tó bá ń lọ lọ́wọ́.

Oríṣi mẹ́ta ni mo sábà máa ń bá pàdé lágbègbè wa. Èkíní ni iṣẹ́ onífáìlì ńlá. Àwọn tó ń fi WRF, prógíráàmù ojú ọjọ́, ṣe ìṣirò òjò àti ooru wà níbẹ̀: fáìlì dátà wọn (NetCDF ni wọ́n ń pè é) kò pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan lè tó gígábáìtì mélòó kan, wọ́n sì ń kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Irú iṣẹ́ yìí ń fẹ́ ọ̀nà tó fẹ̀.

Èkejì ni iṣẹ́ onífáìlì wẹ́wẹ́: àwòrán ewé àti èso kòkó tí wọ́n fi ń kọ́ kọ̀ǹpútà láti dá àrùn mọ̀, ọ̀kẹ́ àìmọye fáìlì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju kílóbáìtì 100 lọ. Fífẹ̀ ọ̀nà kọ́ ni ìṣòro èyí. Iye ìgbà tí ilẹ̀kùn ń ṣí, tó tún ń tì, ló ń dá a lágara.

Ẹ̀kẹta ni ìpamọ́ àárín iṣẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní checkpoint. Gbogbo kọ̀ǹpútà á dáwọ́ dúró lẹ́ẹ̀kan náà, wọn á da ohun tó wà nínú RAM wọn, ìyẹn ìrántí tó ń pa rẹ́ bí iná bá lọ, sí dísìkì, kí iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta má bàa padà sí ìbẹ̀rẹ̀ bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Àwọn tó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà lókè òkun ń ṣe é nítorí pé ọ̀kan nínú wọn lè bàjẹ́ nígbàkúgbà. Ìdí tiwa kò ṣòro láti mọ̀: ẹ kàn gbọ́ ariwo "Wọ́n ti mú un lọ o!" ládùúgbò.

Láti mọ èyí tí iṣẹ́ yín jẹ́, ẹ wọ inú fódà dátà yín, kí ẹ tẹ àṣẹ méjì yìí:

find . -type f | wc -l
du -sh .

Èkíní ń ka iye fáìlì, èkejì ń sọ bí gbogbo rẹ̀ ṣe tóbi tó. Ẹ fi iye fáìlì pín ìtóbi náà. Bí ìdáhùn bá wà lábẹ́ mẹ́gábáìtì kan, onífáìlì wẹ́wẹ́ ni yín, bó ti wù kí gbogbo dátà náà pọ̀ tó.

Lẹ́yìn náà, nígbà tí iṣẹ́ bá ń lọ, ẹ tẹ àṣẹ top, kí ẹ wo nọ́ńbà tó wà níwájú "wa". Òun ló ń sọ ìdá àkókò tí CPU, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, fi ká ọwọ́ lẹ́rán, tó ń dúró de dísìkì. Ẹ tún lo iostat -x 5, kí ẹ wo r_await àti w_await, ìyẹn mílíséékọ́ǹdì tí kíkà tàbí kíkọ kan ń gbà. Ohun kan wà tó ti tan ọ̀pọ̀ èèyàn níbí: bí ibi ìpamọ́ yín bá wà lórí sáfà míì, tí ẹ ń fi NFS, ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kan lo fódà orí òmíràn, bá a sọ̀rọ̀, iostat orí kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ kò ní rí i rárá. nfsiostat ni kí ẹ lò. Ẹni tí prógíráàmù rẹ̀ bá ń lo MPI, ètò tí àwọn kọ̀ǹpútà fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lẹ́nu iṣẹ́, lè fi Darshan, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará ilé ìwádìí Argonne ní Amẹ́ríkà, sí i. Yóò kọ sílẹ̀ fún un bí fáìlì kọ̀ọ̀kan ṣe di ṣíṣí àti iye tí wọ́n kà nínú rẹ̀.

Bí "wa" bá kéré tí CPU sì ń ṣiṣẹ́ ní 95%, ẹ pa owó yín mọ́. Dísìkì kọ́ ló ń yọ yín lẹ́nu.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ fi bírò ṣírò rẹ̀

Ẹ jẹ́ ká fi kọ̀ǹpútà mẹ́jọ yẹn ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní RAM ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ gígábáìtì 64, tí iṣẹ́ náà sì ń da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn jẹ́ gígábáìtì 512 lẹ́ẹ̀kan.

Lórí nẹ́tíwọ́kì 1 gígábíìtì, ní mẹ́gábáìtì 115 fún ìṣẹ́jú àáyá kan, yóò gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 74. Wákàtí kan ni a ní kó máa ṣe é. Ìyẹn ni pé kó tó parí èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní aago kan, aago méjì ti lù. Iṣẹ́ gan-an kò ní ráyè. Bí sáfà àti àwọn kọ̀ǹpútà bá ní wáyà 10 gígábíìtì, tí a rí bíi 1,100 nínú rẹ̀, yóò bọ́ sí nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Bí sáfà ìpamọ́ bá di méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 10 tirẹ̀, kò ní tó ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ẹ ṣàkíyèsí pé mi ò tíì dárúkọ dísìkì kankan.

Lóòótọ́, iṣẹ́ kì í sábà da gbogbo RAM sílẹ̀. Ìlàjì ló lè jẹ́, tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó kọ prógíráàmù náà. Ṣùgbọ́n èyí tó burú jù ni kí ẹ fi ṣírò, kí ẹ wá pinnu iye ìṣẹ́jú tí ẹ lè fara dà nínú wákàtí kan. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni tèmi. Ní tiwa yìí, gígábáìtì 512 nínú ìṣẹ́jú márùn-ún jẹ́ 1.7 gígábáìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nọ́ńbà yẹn ni kí ẹ mú lọ sọ́jà. Ẹni tó bá ní "èyí tó yára jù" lòun fẹ́ kò tíì sọ nǹkan kan fún oníṣòwò, àfi pé òun ní owó.

Ìgbésẹ̀ 3: Ọ̀nà kó tó kan ọkọ̀

Súwíìṣì 10 gígábíìtì ni mo máa ń kọ́kọ́ ní kí àwọn èèyàn rà, pàápàá àwọn tí kọ̀ǹpútà wọn kò ju mẹ́rìndínlógún lọ. Bí owó kò bá tó láti fi 10 sí gbogbo kọ̀ǹpútà, ẹ wá súwíìṣì tó ní ihò 1 gígábíìtì púpọ̀ àti ihò 10 méjì tàbí mẹ́rin, kí ẹ fi sáfà ìpamọ́ sí ihò 10. Kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan á wá máa rí 115 tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ń rí 14 tẹ́lẹ̀ ti fò sókè nìyẹn, láìfọwọ́ kan dísìkì.

Wáyà Cat 6 ń gbé 10 gígábíìtì fún nǹkan bíi mítà 55; Cat 6a ló ń gbé e dé 100. Bí gbogbo rẹ̀ bá wà nínú ráàkì kan, ẹ lo wáyà DAC kúkúrú (wáyà bàbà tí orí ìsopọ̀ ti wà lẹ́nu rẹ̀) pẹ̀lú káàdì nẹ́tíwọ́kì tó ní ihò SFP+ tí wáyà náà ń wọ̀. Káàdì yìí tó ti ṣiṣẹ́ rí kì í wọ́n bíi tuntun, ó sì máa ń pẹ́. Títí di bí mo ṣe ń sọ yìí, Ìkẹjà ni mo ti ń rà á, nítorí pé àwọn tó ń ta kọ̀ǹpútà ní Àkúrẹ́ kì í sábà kó o sílẹ̀.

Ẹ óò gbọ́ nípa InfiniBand, irú nẹ́tíwọ́kì míì. Ó dára gan-an: oríṣi rẹ̀ tó ń jẹ́ EDR jẹ́ 100 gígábíìtì, HDR jẹ́ 200, kì í sì í fi àkókò ṣòfò lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ yín kì í bá ṣe èyí tí àwọn kọ̀ǹpútà ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ní gbogbo ìgbà, ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ míì.

Ìgbésẹ̀ 4: Dísìkì, nísinsìnyí

Oríṣi mẹ́ta ló wà lọ́jà. Dísìkì oníyíyí ń ka nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 150 sí 250 ní ìṣẹ́jú àáyá kan bí fáìlì bá gùn tó sì tò léra. Bí fáìlì bá fọ́n ká ni wàhálà dé. Ẹ wò ó: dísìkì tó ń yí ìgbà 7,200 ní ìṣẹ́jú kan ń yí 120 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà yóò dúró de ìdajì yíyí kan, ìyẹn mílíséékọ́ǹdì mẹ́rin, kí ibi tó ń wá tó yí dé abẹ́ orí rẹ̀. Ẹ fi mílíséékọ́ǹdì mẹ́jọ tí apá rẹ̀ fi ń rìn kún un. Gbogbo rẹ̀ kò jẹ́ kó lè ṣe ju bí 80 irú kíkà bẹ́ẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. SSD kò ní apá tí ń rìn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni tirẹ̀. Èyí tó ń gba ihò SATA kò lè kọjá nǹkan bíi 550 mẹ́gábáìtì, nítorí pé SATA fúnra rẹ̀ ló há. NVMe, SSD tó ń gba ihò PCIe dípò SATA, ń dé 3,500 lórí PCIe 3, ó ń dé 7,000 lórí PCIe 4.

Nọ́ńbà tó wà lára páálí nìyẹn o. Ohun tí páálí kì í sọ ló ń dun èèyàn.

Àkọ́kọ́: SSD tí wọ́n ṣe fún kọ̀ǹpútà ilé ní apá kékeré kan tó yára, níbi tó ti ń kọ́kọ́ gba dátà. Bí apá yẹn bá kún, ìyára á já wálẹ̀. Nínú àwọn tó jẹ́ QLC (irú tó ń fún bíìtì mẹ́rin sínú ihò kan), ó lè já débi tí dísìkì oníyíyí á fi gba iwájú rẹ̀. Kò sí bí a ṣe fẹ́ se ebòlò kó má rùn ìgbẹ́. Fún ẹni tó ń kọ ìwé ní ilé kò séwu, nítorí kò ní kún un láé. Ìpamọ́ àárín iṣẹ́ lè kún un kíákíá.

Èkejì: SSD ní iye tí a lè kọ sórí rẹ̀ kó tó gbó. Ọ̀pọ̀ SSD ilé olójú 1 tẹ́rábáìtì ni wọ́n fún ní 600 tẹ́rábáìtì. Ẹ padà sí àpẹẹrẹ wa: gígábáìtì 512 ní wákàtí kọ̀ọ̀kan jẹ́ tẹ́rábáìtì 12 àti díẹ̀ lójúmọ́. Ká pín in sórí dísìkì mẹ́rin, mẹ́ta kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi mẹ́ta pín 600. Ọjọ́ 200! Oṣù mẹ́fà àti ààbọ̀ péré ni ohun tí páálí fọwọ́ sí fi parí. Nítorí náà, ẹ wá èyí tí wọ́n ṣe fún sáfà, tí wọ́n kọ DWPD sí lára. DWPD 1 túmọ̀ sí pé ẹ lè kọ gbogbo rẹ̀ kún lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ fún iye ọdún tí wọ́n fi dúró fún un, ọdún márùn-ún lọ́pọ̀ ìgbà. Olójú 1.92 tẹ́rábáìtì pẹ̀lú DWPD 1 jẹ́ bíi 3,500 tẹ́rábáìtì.

Ẹ̀kẹta ni èyí tó kan àwa tí a wà níbí jù. Ẹ béèrè bóyá ó ní PLP, ìyẹn àwọn kàpásítọ̀ kéékèèké tó ń fún dísìkì ní agbára díẹ̀ láti parí kíkọ bí iná bá lọ lójijì. Tí kò bá ní in, dátà tí ó ti sọ fún yín pé "mo ti kọ ọ́" lè máà sí níbẹ̀ nígbà tí iná bá dé. Láàrin dísìkì tó yára tí kò ní PLP àti èyí tó rọra ń lọ tó ní in, èmi á mú èkejì nílùú tí mo ń gbé yìí, láìbojúwẹ̀yìn.

Ẹ sì ṣọ́ra fún ayédèrú. Mo ti rí dísìkì tó pe ara rẹ̀ ní tẹ́rábáìtì 2, tó jẹ́ pé lẹ́yìn gígábáìtì 60 ló ti ń kọ dátà tuntun lé ti àtijọ́ lórí. Kí ẹ tó sanwó tán, ẹ fi f3write kún un, kí ẹ fi f3read kà á padà. Ẹ tún tẹ smartctl -a, kí ẹ wo iye wákàtí tó ti fi ṣiṣẹ́. Tuntun kì í ní wákàtí 20,000 lórí.

Ìgbésẹ̀ 5: Ilé, ibi ìfọ́kòkó, àká

Àgbẹ̀ kì í fọ́ kòkó nínú pálọ̀. Ibi ìfọ́kòkó wà lóko, níbi tí ariwo àti èèpo wà; ilé wà fún ohun iyebíye; àká wà fún ohun tó ti gbẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ pín ibi ìpamọ́ yín sí mẹ́ta. Aṣìṣe tí mo ń rí jù ni kí èèyàn ra oríṣi kan ṣoṣo, kó kó gbogbo nǹkan sí i.

Ilé ni fódà oníkálukú: kóòdù, àbájáde tó ṣe pàtàkì. Kò nílò kó tóbi, kò nílò ìyára ńlá, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ máa da ẹ̀dà rẹ̀ kọ lójoojúmọ́ sí ibòmíì tí kò sí nínú yàrá kan náà.

Ibi ìfọ́kòkó ni èyí tí wọ́n ń pè ní scratch, ibi iṣẹ́ ìgbà díẹ̀. Ibẹ̀ ni owó ìyára ń lọ. Ẹ má da ẹ̀dà rẹ̀ kọ, kí ẹ sì pa á láṣẹ láti ọjọ́ kìíní pé ohun tí ẹnikẹ́ni kò bá fọwọ́ kàn fún ọgbọ̀n ọjọ́ á pa rẹ́. Bí ẹ ò bá sọ ọ́ ní ọjọ́ kìíní, ẹ ò ní lè sọ ọ́ mọ́. Ẹnì kan á ti kó fọ́tò ìgbéyàwó síbẹ̀. Fún onífáìlì wẹ́wẹ́, NVMe kan nínú kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan dára ju ibi ìpamọ́ àjọlò kankan lọ: kí iṣẹ́ kọ́kọ́ kó àwòrán wá sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀, kó kà á níbẹ̀, kó dá àbájáde nìkan padà.

Àká ni dísìkì oníyíyí ńlá. Wọ́n lọ́ra, wọn kò wọ́n, wọ́n sì tó. RAID ni bí a ṣe ń to dísìkì púpọ̀ pọ̀ bí ẹyọ kan. RAID 6 ni kí ẹ tò wọ́n sí, èyí tó lè fara da kí dísìkì méjì bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. RAID 5 ń fara da ẹyọ kan, ẹyọ kan yẹn kò sì tó mọ́. Ẹ ṣírò rẹ̀: dísìkì 16 tẹ́rábáìtì, ní mẹ́gábáìtì 200, yóò gba wákàtí 22 ó kéré tán kí èyí tí ẹ fi rọ́pò tó kún. Wákàtí 22 láìdúró! Ta ló mọ ìgbà tí iná á lọ tí á bọ̀ láàrin rẹ̀?

Ìgbésẹ̀ 6: Kílákì ẹnu ọ̀nà

Ẹ ti wọ ibi tí wọ́n ti ń ra kòkó rí, ní Ìdànrè tàbí Oǹdó? Kílákì kan á jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé rẹ̀. Àgbẹ̀ á dé pẹ̀lú àpò. Kílákì á kọ orúkọ, á kọ ìwọ̀n, á ní kó gbé e lọ sí yàrá kẹta. Bí àgbẹ̀ mẹ́wàá bá dé pẹ̀lú àpò ńlá mẹ́wàá, kíá ni wọ́n á ti lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹgbẹ̀rún ọmọdé bá dé, tí oníkálukú wọn di ẹ̀kúnwọ́ kòkó kan lọ́wọ́, ìlà á dé títì, bẹ́ẹ̀ yàrá ṣófo nínú ilé.

Bí ètò ìpamọ́ àjọlò ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an nìyẹn. Nínú Lustre, ọ̀kan nínú irú ètò bẹ́ẹ̀, tí Peter Braam bẹ̀rẹ̀ ní yunifásítì Carnegie Mellon ní 1999, MDS ni kílákì: òun ló mọ orúkọ fáìlì, ẹni tó ni ín, àti ibi tó wà. OST ni àwọn yàrá. Bí fáìlì bá tóbi, ẹ lè ní kí wọ́n pín in sí yàrá mẹ́rin:

lfs setstripe -c 4 -S 4M /scratch/ojuojo

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Kọ̀ǹpútà á máa kọ sí yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n fún fáìlì wẹ́wẹ́, -c 1 ni kí ẹ lò, nítorí pípín ẹ̀kúnwọ́ kòkó sí yàrá mẹ́rin kàn ń fi iṣẹ́ kún iṣẹ́ ni. Bí ẹ bá sì fẹ́ ra NVMe díẹ̀, tí owó kò tó fún gbogbo ilé, abẹ́ kílákì ni kí ẹ fi sí.

Èwo wá ni kí ẹ mú nínú àwọn ètò ìpamọ́ àjọlò? Orion, ibi ìpamọ́ kọ̀ǹpútà ńlá Frontier ní Oak Ridge ní Amẹ́ríkà, Lustre ni. Ìyẹn kò sọ pé kí ẹ lò ó. Lustre ń fẹ́ ẹnì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kó máa tọ́jú rẹ̀ lọ, àwọn ẹgbẹ́ ìwádìí wa kì í sì í ní irú ẹni bẹ́ẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó máa ṣe tán ní oṣù kẹjọ ni wọ́n ní. BeeGFS, tó ti ilé iṣẹ́ ìwádìí Fraunhofer ní Jámánì wá, rọrùn láti gbé kalẹ̀, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ fún ẹni tó ní sáfà ìpamọ́ méjì sí mẹ́rin. Ẹ kàn mọ̀ pé àwọn apá kan nínú rẹ̀, bíi kíkọ ẹ̀dà sórí sáfà méjì, ń gba ìwé àṣẹ tí a ń sanwó fún. Ceph lágbára, kì í sì í tètè pàdánù dátà, ṣùgbọ́n ẹ̀dà mẹ́ta ló ń kọ bí ẹ kò bá yí i padà. Tẹ́rábáìtì 30 tí ẹ rà á di 10.

Fún kọ̀ǹpútà tí kò tó mẹ́wàá, NFS lásán lórí sáfà gidi kan tó ní NVMe àti wáyà 10 gígábíìtì tó. Láti bíi 1984 ni ilé iṣẹ́ Sun Microsystems ti ṣe é, gbogbo ẹni tó mọ Linux ló mọ̀ ọ́n, bó bá sì bàjẹ́ lóru, ẹ óò rí ẹni pè. Nínú /etc/exports, fáìlì tí a fi ń to NFS lórí sáfà, ẹ óò rí ẹni tó máa gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ kọ async kó lè yára. Yóò yára lóòótọ́, nítorí pé sáfà á máa sọ "ó ti parí" kó tó kọ nǹkan kan sórí dísìkì. Ẹ fi sync sílẹ̀ bó ṣe wà.

Kí n tó kúrò lórí ọ̀rọ̀ kílákì: bí wọ́n ṣe ń kọ fáìlì ló rọrùn jù láti tún ṣe, kò sì gba kọ́bọ̀. Ẹ di àwòrán ẹgbẹ̀rún kan sínú fáìlì tar kan, tàbí sínú HDF5, irú fáìlì kan tó ń gba dátà púpọ̀ pọ̀. Ẹgbẹ̀rún ọmọdé á di àgbẹ̀ kan pẹ̀lú àpò kan. Ní ọ̀dọ̀ àbúrò mi yẹn, èyí nìkan ló mú kí kíkọ́ kọ̀ǹpútà ní àrùn kòkó, tó ń gba gbogbo òru, máa parí kí wọ́n tó lọ jẹun alẹ́.

Ìgbésẹ̀ 7: Iná, ooru, eruku

Bí owó ìnfátà kò bá tó gbogbo ilé, sáfà ìpamọ́ àti súwíìṣì ni kí ẹ kọ́kọ́ so mọ́ ọn. Kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò lè kú, checkpoint wà. Sáfà ìpamọ́ kò gbọ́dọ̀ kú. Bátìrì 12 fóòltì, 200 Ah, ní wáàtì-wákàtí 2,400 nínú. Bó bá jẹ́ oníásíìdì, ẹ má lò ju ìdajì lọ. Sáfà àti súwíìṣì tó ń jẹ wáàtì 400 lápapọ̀ kò ní tó wákàtí mẹ́ta lórí rẹ̀, nítorí ìnfátà fúnra rẹ̀ ń jẹ díẹ̀. Ẹ fi NUT, ètò tó ń gbọ́ ohun tí UPS ń sọ, sórí sáfà, kí ẹ sì ra UPS tó ní wáyà USB, kí sáfà lè mọ̀ pé bátìrì ti ń tán, kó pa ara rẹ̀ pẹ̀lú ìwà pẹ̀lẹ́.

Ní ti ooru, NVMe tó bá gbóná máa ń dín ìyára ara rẹ̀ kù láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ wo ìwọ̀n ooru rẹ̀ pẹ̀lú nvme smart-log ní ọ̀sán oṣù kẹta, kì í ṣe ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí òjò rọ̀. Nígbà ọyẹ́, ẹ máa ṣí asẹ́ fáànù lọ́sẹ̀ méjì-méjì, kí ẹ fọ̀ ọ́.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ dán an wò kí owó tó kù tó jáde

Ẹ dá ìdá kan nínú owó dúró títí ẹ óò fi dán an wò. fio, ètò tí a fi ń dán dísìkì wò, ni mo ń lò lórí sáfà fúnra rẹ̀:

fio --name=nla --rw=write --bs=1M --size=200G --direct=1 --ioengine=libaio --iodepth=16
fio --name=wewe --rw=randread --bs=4k --size=200G --direct=1 --ioengine=libaio --iodepth=32

Jẹ́ kí --size tó ìlọ́po méjì RAM sáfà ó kéré tán. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, RAM lẹ lè máa wọ̀n, nọ́ńbà tó máa jáde á sì dùn mọ́ yín nínú ju bó ti yẹ lọ. Ẹ má fi àṣẹ dd pẹ̀lú /dev/zero (tó ń da òdo nìkan) ṣe é lórí ètò fáìlì ZFS: bí compression, ìyẹn fífún dátà kéré, bá wà lórí, òdo ńlá yẹn á di nǹkan kékeré, ẹ óò sì rò pé ẹ ti ra idán.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sórí àwọn kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. IOR ń wọn fífẹ̀ ọ̀nà, mdtest ń wọn bí ọwọ́ kílákì ṣe yá tó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kọ̀ǹpútà kan, kí ẹ lọ sí méjì, mẹ́rin, mẹ́jọ, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ibi tí nọ́ńbà bá ti dẹ́kun lílọ sókè, ibi tó há nìyẹn. Bó bá dúró ní 1,100 lórí 10 gígábíìtì, wáyà ti kún, dísìkì kò jẹ̀bi. Bó bá dúró ní 400, ẹ padà lọ bá oníṣòwò.

Ní àárín ìdánwò náà, ẹ yọ dísìkì kan kúrò nínú RAID pẹ̀lú ọwọ́ yín. Ẹ wo bóyá iṣẹ́ ń lọ, bóyá ímeèlì ìkìlọ̀ wọlé. Ọjọ́ tí ẹ ti múra sílẹ̀ ló dára kí ẹ mọ̀ pé ímeèlì náà ń lọ sí àdírẹ́ẹ̀sì ẹni tó ti ṣe tán lọ́dún tó kọjá.

Ní ìkẹyìn, ohun tí àbúrò mi àti àwọn ọ̀gá rẹ̀ rà ni súwíìṣì 10 gígábíìtì kan, káàdì mẹ́sàn-án, SSD sáfà mẹ́rin tó ní PLP, dísìkì oníyíyí mẹ́fà fún àká, àti bátìrì. Kò sí ìkankan nínú wọn tó yára jù lọ́jà. A fi pépà kọ nọ́ńbà ara dísìkì kọ̀ọ̀kan sí iwájú ihò rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa yọ èyí tó sàn dípò èyí tó bàjẹ́. Dísìkì keje, tuntun nínú páálí, wà nínú dúróà tábìlì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ráàkì. Èèyàn méjì ló ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́.